Ìwé Àṣìṣe Tó Wà Ní Gbangba

Ní oṣù Kẹta ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà gbé kóòdù ètò aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Níbo ni wọn yóò ti máa ṣàkọsílẹ̀ àṣìṣe inú rẹ̀? Terry Weissman kọ Bugzilla fún iṣẹ́ yìí. Èdè Tcl ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kó tó yí i sí Perl.

Ọgbọ́n ńlá ni. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Bí olùkọ ètò bá ní òun ti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ò tíì parí: olùdánwò á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àbùkù náà bá ṣì wà, wọ́n á tún ẹjọ́ rẹ̀ ṣí.

Lọ́dún 2002, Atlassian ti Ọsirélíà gbé Jira jáde fún irú iṣẹ́ kan náà.