Ẹjọ́ Brandt àti Ìjọba Amẹ́ríkà

Ẹjọ́ Brandt àti Ìjọba Amẹ́ríkà ni ẹjọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ní oṣù Kẹta ọdún 2014 lórí ilẹ̀ ojú-irin tí a ti pa tì ní ìpínlẹ̀ Wyoming, tí ìjọba fẹ́ lò fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án gbà pé ẹ̀tọ́ ìkọjá, ìyẹn àǹfààní láti lo ilẹ̀ láìjẹ́ pé ó di tẹni, ni òfin ọdún 1875 fún iléeṣẹ́ ojú-irin, àti pé ẹ̀tọ́ náà parí nígbà tí a pa ojú-irin tì, tí ilẹ̀ sì kù sọ́wọ́ ìdílé Brandt, tí ìjọba fún nílẹ̀ níbẹ̀ ní 1976. Ìdájọ́ náà fún ẹ̀bẹ̀ àwọn onílẹ̀ mìíràn lágbára láti gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba.