Dátà Ibi Ìṣẹ̀lẹ̀: Ìdí Tí Ọlọ́pàá Fi Gbọ́dọ̀ Mọ "Ibo Gan-an"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó ṣojú mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kadà kan kọ lu kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú wa bá a ṣe ń jáde ní Ìbà Housing Estate. Ẹni tí ọ̀kadà yẹn gbé wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì, wọ́n sì gbé e.

"Ibo lẹ wà gan-an?"

"Ìbà Estate ni."

"Ibo ní Ìbà Estate?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Èmi tí mò ń gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, mi ò mọ orúkọ títì tí mo dúró sí! Kí n tó rí ẹni bi, àkókò ti lọ. Ìbéèrè yẹn, "ibo gan-an", lohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Kí ni dátà ibi ìṣẹ̀lẹ̀?

Kì í ṣe dátà tí ẹ fi ń wo TikTok o. Èyí tí mò ń wí ni àkọsílẹ̀ nǹkan mẹ́ta: kí ló ṣẹlẹ̀, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá á kó àkọsílẹ̀ olè jíjà àti ti jàmbá ọkọ̀ jọ, wọ́n á tò ó sójú máàpù kan ṣoṣo. Ibi tí àmì bá ti pọ̀ jù, ní wákàtí tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n á rán ọkọ̀ wọn lọ. Ní Amẹ́ríkà, DDACTS ni wọ́n ń pe irú ètò yìí. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó wọn, ti ń tì í lẹ́yìn.

Kí ló wá kan olè kan jàmbá? Ó kàn án dáadáa. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ olè fi ń sá lọ. Ibi tó ṣókùnkùn, tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ nítorí kòtò, ó rọrùn láti já fóònù gbà níbẹ̀. Tí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá wà níbẹ̀ ní gbangba, ẹni tó fẹ́ gba one-way ò ní láyà, ẹni tó fẹ́ jalè náà ò ní láyà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ní 1989, Lawrence Sherman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ìlú Minneapolis. Nínú gbogbo ìpè tó wọlé sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó wá láti nǹkan bí ìdá 3 péré nínú 100 àdírẹ́sì ìlú náà. Ní 1995, Christopher Koper rí i níbẹ̀ pé tí ọlọ́pàá bá dúró fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 níbi tí wàhálà ti wọ́pọ̀, ipa ẹ̀ máa ń pẹ́ ju kí wọ́n kàn wa ọkọ̀ kọjá lọ.

Ìbà wa ńkọ́?

Ayé Jákàńdè, 1979 sí 1983, ni wọ́n kọ́ Estate yìí. Lónìí, èrò LASU, èrò Òkòkòmáíkò àti èrò márosẹ̀ Àgbádárìgì ló ń pàdé lágbègbè wa. Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023, Òkòkò ni wọ́n ṣètò pé kó parí sí. Èrò á tún pọ̀ sí i nìyẹn. Ọlọ́pàá wà, FRSC wà láti 1988, LASTMA láti 2000, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò LNSC náà wà láti 2016. Àmọ́ tí kálukú bá di ìwé tiẹ̀ mọ́ra, kò sẹ́ni tó máa rí i pé orígun kan náà ni gbogbo wọn ń sáré lọ.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra

Ẹ má gbàgbé 2020 àti EndSARS. Ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni máàpù ń fi hàn, kì í sọ pé ọ̀dọ́ tó gbé iPhone ní orígun yẹn ni olè. Títọ pinpin fóònù ẹnì kan yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ibi téèyàn wà mọ́ ohun tó lè fi irú ẹni tó jẹ́ hàn, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n lè fi ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kejì: ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti pe ọlọ́pàá, ńṣe ló máa dà bí ibi tí àlàáfíà wà lójú máàpù. Tá a bá dákẹ́, àdúgbò wa ò ní sí níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Ti FRSC ni 122. Ẹ sọ orúkọ títì, bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù tó sún mọ́ yín, apá ibi tí ọkọ̀ kọjú sí, àti aago tó ṣẹlẹ̀. Tí títì ò bá lórúkọ, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí Google Maps, ẹ máa rí kóòdù kan tó ní àmì + nínú. Plus Code nìyẹn. Ẹ kà á fún wọn.

Èmi ti kọ ti ẹnu gééètì wa sínú fóònù mi. Tí wọ́n bá tún bi mí ní "ibo gan-an", mo ti ní èsì.