Chasselay: Odi Pupa Láàárín Oko Faransé

Tí ẹ bá gba Lyon jáde lọ sí ìhà àríwá, ọ̀nà ò ní jìn kí ẹ tó dé Chasselay. Gbogbo rẹ̀ ò ju bíi 20 kìlómítà lọ. Ìlú kékeré ni, ó sún mọ́ àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Monts d'Or, òkúta tí wọ́n sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ibẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti gàrí tí wọ́n pò mọ́ epo. Ọ̀sán la débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti tì, fèrèsé wà ní pípadé, a ò sì rí ju ológbò kan àti bàbá arúgbó kan lọ lójú títì. Àwọn ará ìlú kéékèèké ní Faransé kì í fi oúnjẹ ọ̀sán ṣeré o. Tó bá ti di aago méjìlá, oníkálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó di bíi aago méjì kí ọjà tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó, tí jẹnẹrétọ̀ ti di orin oorun fún un, á kọ́kọ́ rò pé nǹkan ṣe ìlú náà ni.

Ohun kan tó dùn mọ́ wa ni pé wọ́n mọ ìkíni. Ẹ ò gbọdọ̀ wọ ilé búrẹ́dì ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kí ẹ kàn na ìka sí ohun tí ẹ fẹ́ rà. "Bonjour" ló máa ṣíwájú, ẹ ó fi "madame" tàbí "monsieur" tì í lẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn á kà yín sí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ta ni ìyẹn máa ṣòro fún nínú àwa ọmọ Yorùbá?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe búrẹ́dì la wá rà. Odi kan la wá wò.

Ẹ jáde kúrò láàárín ìlú, ẹ kọjá sí ibi tí wọ́n ń pè ní Vide-Sac, ẹ ó ṣàdédé rí ògiri pupa kan láàárín oko. Ó ga ju ènìyàn lọ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta. Pupa rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ tiwa, kò jọ ohunkóhun tó yí i ká. Ṣóńṣó orí rẹ̀ yọ sókè, igi kéékèèké sì yọ lára rẹ̀ bíi ti mọ́ṣáláṣí Djenné ní Mali. Wọ́n gbẹ́ ìbòjú bíi ti ilẹ̀ Áfíríkà sára ilẹ̀kùn onígi rẹ̀. Tata Sénégalais lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé apá Atakora ní àríwá Benin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí: tata ni wọ́n ń pe ilé alámọ̀ tí àwọn Batammariba ń kọ́, tó dà bí ilé ìṣọ́. Ní Sikasso ní Mali, odi tí wọ́n fi yí ìlú ká nígbà ogun ni tata. Odi náà làwa máa pè é. Èyí tó wà ní Chasselay ò yí ìlú kankan ká ṣá. Ibojì 196 ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹfà ọdún 1940. Ogun tí àwọn bàbá wa àgbà ń pè ní ogun Hítílà ti ká Faransé mọ́lé. Ní ọjọ́ 14 àwọn Jámánì wọ Paris. Ní ọjọ́ 17 Ọ̀gágun Pétain sọ lórí rédíò pé àsìkò tó láti dáwọ́ ìjà dúró. Ní ọjọ́ 18 wọ́n kéde pé wọn ò ní jà nítorí Lyon, kí ọ̀tá má bàa fọ́ ìlú náà. Ká sọ òótọ́, ogun ti tán. Àmọ́ àwọn sójà kan ṣì wà ní àríwá Lyon tí àṣẹ tó wà lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n má kúrò. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 25 ti Tirailleurs Sénégalais ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 19 ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Montluzin, níbi tí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì wà. Ní ọjọ́ 20 ó kan Chasselay fúnra rẹ̀. Àwọn sójà náà fi ọgbà ilé ńlá kan, château du Plantin, ṣe ibi ààbò, wọ́n jà títí ọta fi tán lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọta tán, kí ló kù? Wọ́n juwọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn Jámánì pín wọn sí méjì, òyìnbó lọ́tọ̀, aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kan náà o, aṣọ ogun kan náà, ọgbà kan náà ni wọ́n ti jọ jà. Wọ́n kó wọn gba ọ̀nà tó lọ sí abúlé Les Chères, ọkọ̀ ogun onírin ń bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé Vide-Sac, wọ́n ní kí àwọn òyìnbó dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú bọ́ sínú pápá. Ìbọn arọ̀jò-ọta bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tó sá, wọ́n yìn ín láti ẹ̀yìn. Ẹni tó ṣubú, ọkọ̀ onírin gorí rẹ̀. Ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó, Kápútéènì Gouzy, kò lè wò ó kó dákẹ́. Nígbà tó ta kò wọ́n, wọ́n yìnbọn fún un lórúnkún. Bíi 50 ọmọ Áfíríkà ló kú nínú pápá náà. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé pé ìjà ti parí.

Kì í ṣe Chasselay nìkan. Raffael Scheck, onímọ̀ ìtàn tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2006, ṣírò pé àwọn sójà dúdú tí wọ́n pa lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1940 lè tó 3,000. Kí ló fa irú ìkórìíra yìí? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìn ín. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé kó àwọn sójà láti Áfíríkà lọ ṣọ́ agbègbè odò Rhine ní Jámánì. Ara àwọn Jámánì ò gbà á pé aláwọ̀ dúdú ń gbé ìbọn kiri ìgboro wọn. Wọ́n tẹ ìwé, wọ́n ya àwòrán, wọ́n ní ìtìjú ni, wọ́n ní ẹranko ni wọ́n kó wá bá obìnrin àwọn. Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní 1921, ó ti di sójà ní 1940.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú míì, ní Chartres, ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà. Àwọn Jámánì gbé ìwé ka iwájú gómìnà agbègbè náà, Jean Moulin, pé kó fọwọ́ sí i pé àwọn sójà dúdú ló pa àwọn obìnrin àti ọmọdé kan nípakúpa. Ó kọ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tó rò pé òun lè má lè fara dà á, ó mú àfọ́kù ìgò, ó sì fi gé ara rẹ̀ lọ́rùn, kí ọwọ́ òun má bàa kan ìwé irọ́ náà. Kò kú nígbà yẹn. Òun ni Jean Moulin tó wá di olórí àwọn tó ń jà lábẹ́lẹ̀ ní Faransé. Ojú títì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè níbẹ̀ kò níye, ṣùgbọ́n ta ni ń rántí pé orí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ló ti kọ́kọ́ ṣe tán láti kú?

Orúkọ yìí, Sénégalais, máa ń tan ènìyàn. Lóòótọ́, Sẹ̀nẹ̀gà ni Faidherbe ti dá ẹgbẹ́ ológun náà sílẹ̀ ní ọdún 1857. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé gbogbo ibi tí Faransé ń jọba lé lórí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó ọmọ: Mali òní, Burkina Faso, Guinea, Ivory Coast, Niger, títí kan Dahomey. Nígbà tí a bá sì ti dárúkọ Dahomey, ilé wa la dárúkọ. Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobè, Ajáṣẹ́, abẹ́ Faransé ni gbogbo wọn bọ́ sí. Láti ọdún 1912 ni òfin ti fún ìjọba Faransé lágbára láti fi tipátipá mú ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn bí àwọn ènìyàn ṣe ń dì ẹrù lóru, tí wọ́n ń rékọjá ẹnubodè bọ́ sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ tipátipá. Àwọn Ọ̀họ̀rí tiẹ̀ gbé ìjà ko Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nítorí náà, tí ìdílé yín bá ní mọ̀lẹ́bí ní ìhà méjèèjì ẹnubodè yẹn, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìgbà tí wọ́n kọjá àti ohun tó lé wọn. Ìdáhùn wọn lè yà yín lẹ́nu.

Ta wá ló kọ́ odi yìí? Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean Marchiani ni. Òun ló ń darí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní agbègbè Rhône. Òkú àwọn ọmọ Áfíríkà wà káàkiri, nínú oko, lẹ́bàá ọ̀nà, ní itẹ́ òkú abúlé oríṣiríṣi. Marchiani ra ilẹ̀ ní Vide-Sac gan-an, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, ó sì kó àwọn òkú náà jọ síbẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé erùpẹ̀ wá láti Dakar, wọ́n pò ó mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin wọ́n sí. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni wọ́n ṣí i. Ẹ wo ọjọ́ tó bọ́ sí: ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí àríwá Áfíríkà, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ làwọn Jámánì sì gba apá gúúsù Faransé, Lyon àti Chasselay pẹ̀lú.

Lójú tiwa, ìjọba Vichy tó wà lórí àlééfà nígbà náà kò fi ojú àánú nìkan wo iṣẹ́ yìí. Wọ́n fẹ́ kí ayé rí i pé ilẹ̀ Áfíríkà ṣì jẹ́ tiwọn. Kíkọ́ rẹ̀ náà, Áfíríkà tó wà lọ́kàn òyìnbó ni. Ọmọ Kétu tó bá wọ ibẹ̀ ò ní rí ilé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà wo lèyí ò níye lórí? Lásìkò tí wọ́n ń fi àwọ̀ pín òkú, ẹnì kan fi owó àti ara rẹ̀ wá òkú ọmọ olómìíràn kiri, ó sin ín, ó sì mọ odi yí i ká.

A wọlé, a ń ka orí òkúta kọ̀ọ̀kan, à ń wá orúkọ tó jọ tiwa. Kì í ṣe ohun tó rọrùn. Akọ̀wé Faransé ló kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wọn wọṣẹ́, ohun tí etí rẹ̀ sì gbọ́ lè jìn sí ohun tí ìyá sọ ọmọ. Orí àwọn òkúta míì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Inconnu. Ẹni tí a kò mọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Ìyá tó wà ní abúlé kan ní ọdún 1940 ò mọ èwo ló ṣe ọmọ tòun.

Àwọn tó yè bọ́ ńkọ́? Ìyẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn tirailleurs tó ti wà lẹ́wọ̀n Jámánì béèrè owó iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó lọ sílé. Ọmọ ogun Faransé ló yìnbọn pa wọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2024 kí ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa. Nígbà tí òmìnira sì ń bọ̀, Faransé ṣòfin ní ọdún 1959 tó so owó ìfẹ̀yìntì àwọn ará Áfíríkà mọ́ ojú kan. Ti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ jà ń lọ sókè lọ́dọọdún, tiwọn dúró gbagidi.

Ní ọdún 2020, àwọn fọ́tò kan jáde síta tí sójà Jámánì kan yà ní Vide-Sac lọ́jọ́ tí wọ́n pa wọ́n. Wọ́n wà nínú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ kan tí ẹnì kan rà. Ẹ ó rí pápá, ẹ ó rí ọkọ̀ onírin, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tó ṣì ń mí. Ọgọ́rin ọdún ni àwọn fọ́tò náà fi wà nípamọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ṣí òkúta ìrántí tuntun nínú odi náà, orúkọ 25 lára àwọn tí a kò mọ̀ ló wà lára rẹ̀.

A ka gbogbo wọn sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí a ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn míì.