Láti Orí Káàdì dé Inú Tẹlifíṣọ̀n: Ìtàn Géèmù Àwọn Ará Jàpáànì

Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn eré ni. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò máa wí pé kí ni ìtàn eré ń ṣe lẹ́nu olùkọ́. Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ní Adéwọlé níbí, ní Ìlọrin, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ọmọkùnrin tí ó dàgbà ní bí ogún ọdún sẹ́yìn tí kò mọ ilé géèmù. Ìsọ̀ kékeré kan ni. Tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì ni yóò wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì yóò wà níwájú wọn, jẹnẹrétọ̀ yóò máa ké lẹ́yìn ilé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò sì jókòó tí yóò máa gba owó, tí yóò máa wo aago. Ẹni tí ó bá borí a jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà a dìde fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n ti ń ṣe nídìí ayò náà ni: ọ̀ta kì í dìde, ọ̀pẹ ni í dìde. Àwọn òbí kò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá. Mo ti rí ìyá tí ó mú ọmọ rẹ̀ ní etí láti orí bẹ́ǹṣì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ náà pé ta ni ó ṣe eré tí wọ́n ń ṣe, wọn yóò ní òyìnbó ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1972, ni ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí a lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú ilé ti jáde, ọdún yẹn kan náà sì ni ilé-iṣẹ́ Atari gbé Pong jáde, èyí tí kò ju igi méjì tí ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn géèmù tí ó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, Jàpáànì ni wọ́n ti wá, ìtàn tí ó wà lẹ́yìn wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé ilé ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1543 ni àwọn Potogí kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Jàpáànì. Ìbọn wà lára ohun tí wọ́n kó dé ibẹ̀. Nígbà tí òwò sì fìdí múlẹ̀, àwọn atukọ̀ wọn mú káàdì ìṣeré dé. Àwọn ará Jàpáànì fẹ́ràn káàdì yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba orúkọ tí Potogí ń pè é. Karuta ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń fi í ta. Ìjọba fòfin dè é. Kí ni àwọn ará ìlú ṣe? Wọ́n ya káàdì mìíràn tí àwòrán rẹ̀ yàtọ̀. Ìjọba tún de ìyẹn, wọ́n tún ya òmíràn. Bí eré náà ti ń sá fún òfin ni ó ń di ọmọ ilé, títí tí nọ́ńbà fi kúrò lára rẹ̀ tí ó wá ku òdòdó àti ewéko. Hanafuda ni orúkọ èyí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni káàdì òdòdó.

Káàdì hanafuda jẹ́ 48. Oṣù 12 tí ó wà nínú ọdún ni wọ́n fi pín in, oṣù kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì 4. Nínú ti oṣù kẹjọ ni òṣùpá wà, nínú ti oṣù kẹwàá ni àgbọ̀nrín wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò ta, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 4 ni ó ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí á tó bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. N kò wí pé àwa ni a kọ́ wọn, n kò sì wí pé àwọn ni ó kọ́ wa. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n máa ń dákẹ́ ná, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka.

Nígbà tí ìjọba dẹ ọwọ́ òfin náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fusajiro Yamauchi ṣí ìsọ̀ kan ní ọjọ́ 23 oṣù September, ọdún 1889, ní Kyoto, ìlú tí ọba Jàpáànì ti gbé fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣe káàdì hanafuda. Orúkọ ìsọ̀ náà ni Nintendo. Bẹ́ẹ̀ ni o, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ Mario náà ni. Káàdì ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ta hanafuda títí di àkókò yìí.

Ní 1949, ìsọ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ Hiroshi Yamauchi, ìran ẹni tí ó dá a sílẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 23. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi nǹkan: ó fi takisí ṣe òwò, ó ta ìrẹsì tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí. Kò sí èyí tí ó bọ́ sí i. Ní 1965 wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gunpei Yokoi, pé kí ó máa tọ́jú ẹ̀rọ tí ń ṣe káàdì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó ń fi igi ṣe ohun ìṣeré kan, ọwọ́ gígùn tí ń nà tí ó sì ń sún kì. Ọ̀gá rí i. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí yóò rò pé wọ́n lé e lọ sílé ni. Yamauchi ní kí ó parí rẹ̀ kí àwọn tà á. Ní 1966 ni ọwọ́ náà dé ọjà, èyí tí wọ́n tà sì ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ọ̀rọ̀ Yokoi yìí wù mí púpọ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé kò yẹ kí á máa sáré tẹ̀lé ẹ̀rọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde. Èyí tí ó ti pẹ́, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ti mọ àbùkù rẹ̀, ni kí á wá ọ̀nà tuntun lò. Nígbà tí ó ṣe Game Boy ní 1989, kò sí àwọ̀ kankan lójú rẹ̀. Àwọn tí ń bá a díje fi àwọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n tiwọn a máa jẹ bátìrì bí ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu. Bátìrì kéékèèké 4 ni Game Boy ń lò, ó sì ń pẹ́. Bí a bá ka èyí tí ó ní àwọ̀ tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Àwa tí a mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí iná lọ lójijì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọgbọ́n inú rẹ̀ fún wa.

Yokoi nìkan kọ́. Ní 1978, Tomohiro Nishikado ní ilé-iṣẹ́ Taito ṣe Space Invaders, nínú èyí tí àwọn àjèjì láti ojú ọ̀run ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Bí ẹ bá ti ń pa wọ́n ni àwọn tí ó kù ń yára sí i, ìdí rẹ̀ sì ni pé iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn ẹ̀rọ ń fúyẹ́ bí iye wọn ti ń dínkù. Nishikado rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1980 ni Toru Iwatani ṣe Pac-Man, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa jẹun lọ, nítorí ó fẹ́ kí àwọn obìnrin náà wá ṣeré. Shigeru Miyamoto, ẹni tí ó ṣe Mario, dàgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Kyoto. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó máa ń rìn nínú igbó àti lórí òkè, ó sì rí ihò àpáta kan, ó gbé fìtílà, ó wọ inú rẹ̀. Ìrìn yẹn ni ó fi ṣe The Legend of Zelda ní 1986. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó wọ igbó tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ̀ yóò mọ irú eré tí ó jẹ́.

Láàárín àkókò yìí, òwò náà dojú dé ní Amẹ́ríkà. Géèmù burúkú pọ̀ lọ́jà ju àwọn tí yóò rà á lọ, àwọn olùtajà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́, nígbà tí ó sì di 1983, Atari kó ẹrù tirẹ̀ lọ rì mọ́lẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Wọ́n hú u jáde ní 2014. Ọdún 1983 yẹn gan-an ni Nintendo gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde ní Jàpáànì. Ní 1985 ó gbé e dé New York.

Èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1990, àfarawé ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe ní Taiwan àti ní Ṣáínà. Lẹ́yìn náà ni PlayStation dé. Sony ni ó gbé e jáde ní oṣù December 1994, lẹ́yìn tí àdéhùn àárín òun àti Nintendo bàjẹ́ ní 1991. Orí sídíì ni géèmù rẹ̀ wà, a sì lè da sídíì kọ. N kò yìn ín, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú un dé àdúgbò tí owó kò pọ̀ sí nìyẹn. Winning Eleven, bọ́ọ̀lù tí Konami ṣe, ni ọba wọn. Púpọ̀ nínú sídíì tí èmi fi ojú rí, èdè Jàpáànì ni ó wà lára rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ kò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ ìlà tí a ń tẹ̀ láti yan Nàìjíríà, wọ́n mọ èyí tí a fi ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Bí ọkùnrin tí ń sọ bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ bá pariwo ní èdè Jàpáànì, wọn yóò pariwo tẹ̀lé e láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣì. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń kọ́ni máa ń ronú lórí ìyẹn.

Bọ́ọ̀lù yìí ni èmi náà kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan ra sídíì mẹ́ta pọ̀ nínú páálí kan, tí ó jẹ́ géèmù kan ṣoṣo. Final Fantasy VII ni, tí ilé-iṣẹ́ Square ṣe ní 1997. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ bí ti ìwé. Ẹni méjì ni a jókòó tì í, a fi ìwé atúmọ̀-èdè sí àárín. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Aerith, tí ń ta òdòdó, tí ó sì ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀ sàn bí wọ́n bá fara pa. Kí eré tó dé ìdajì, ọ̀tá gún un pa. A rò pé yóò jí, nítorí nínú géèmù, ẹni tí ó bá kú a máa dìde. A wá gbogbo ibi tí a lè wá. Kò dìde mọ́. Ọ̀rẹ́ mi pa tẹlifíṣọ̀n, kò sì fọhùn fún ìgbà pípẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn eré wọ̀nyí. Ẹ̀sùn tí àwọn òbí kà sí ilé géèmù lọ́rùn, èyí tí ó jẹ́ ti tẹ́tẹ́ àti ti sísá nílé-ìwé, ẹ̀sùn òtítọ́ ni; ìjọba Jàpáànì náà ka irú rẹ̀ sí káàdì lọ́rùn. Èyí tí n kò gbà ni pé kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Àwọn kan ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mi. Ní Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, Olivier Madiba àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiro'o Games gbé géèmù kan jáde ní 2016 tí ń jẹ́ Aurion. Ọ̀nà ìjà inú rẹ̀ jọ ti àwọn ará Jàpáànì, ṣùgbọ́n aṣọ, ilé àti ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ ti Áfíríkà. Ọmọ ọba kan ni, Enzo, tí àna rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìwúyè gan-an. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Erine, jọ jáde lọ sínú ayé láti wá agbára àwọn baba ńlá wọn. Ibi tí wọ́n bá a dé, ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ ẹni tí ó bá ṣe eré náà ni ó wà.