Jẹnẹrétọ̀ Tí Omi Bò

Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì sí, Agbaje l'Ókìtìpupa wà nínú ibi mẹ́rin tí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n tó wá fi Geregu àti Itu ṣáájú. Àwọn kan ní ilẹ̀ kì í mì lọ́dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ó mì n'Íjẹ̀bú-Òde ní 1984!

Ẹ wo Fukushima ní Jàpáánì. Lọ́jọ́ 11, oṣù kẹta, 2011, ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn ẹ̀rọ átọ́míìkì tó ń ṣiṣẹ́ dúró fúnra wọn. Iná ìlú lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Kò tó wákàtí kan, ìgbì òkun dé, ó bo jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá pa átọ́míìkì, ooru rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Omi la fi ń tù ú. Kò sí iná tí yóò fa omi, ni mẹ́ta bá yọ́. Onagawa, tó tilẹ̀ súnmọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì jù, kò bàjẹ́ bẹ́ẹ̀: orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí wọ́n bá tún padà wá, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá ilẹ̀ yóò mì. Ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ óò gbé jẹnẹrétọ̀ sí?