Mario àti Ìnàkí: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Kejì

Ìbéèrè tí olóòtú ètò gbé ka iwájú wa lónìí ni pé: bí ènìyàn bá dá ohun kan sílẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, ǹjẹ́ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yí i padà, kí ó sì tún máa pè é ní orúkọ kan náà? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láàrin àwa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní mú àpẹẹrẹ mi láti inú ìwé ìtàn-àròsọ. Inú eré fídíò ni n ó ti mú un. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní eré ọmọdé ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbà àti èwe ti ń ṣe fún ogójì ọdún ó lé ti di ìtàn, ìtàn sì ni iṣẹ́ wa.

Ní 1981 ni Nintendo, ilé-iṣẹ́ tí ó fi ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Japan ṣe ibùjókòó, gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Donkey Kong. Shigeru Miyamoto ni ó gbèrò rẹ̀. Ìnàkí ńlá kan gbé obìnrin kan sá gun orí ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Káfíńtà kan sì ń gun àkàsọ̀ tọ̀ ọ́ lọ, ó ń fò kọjá lórí àgbá tí ìnàkí náà ń yí lù ú. Káfíńtà yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mario. Ìpele mẹ́rin péré ni eré náà ní. Ojú tí ó mú àti ọwọ́ tí ó yá ni ó ń fẹ́. Kò béèrè ìrònú púpọ̀.

Ìrònú wọ inú rẹ̀ ní 1994, nígbà tí wọ́n ṣe Donkey Kong mìíràn fún Game Boy, ẹ̀rọ eré alágbèéká tí Nintendo ti gbé jáde láti 1989. Ọgbọ́n tí wọ́n ta níbẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tí ó ra eré náà yóò bá ìpele mẹ́rin àtijọ́ níbẹ̀, yóò parí wọn, yóò rò pé ó bùṣe. Ìnàkí yóò sì dìde, yóò tún gbé obìnrin náà sá lọ, ìpele 97 mìíràn a sì ṣí sílẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, kọ́kọ́rọ́ kan wà níhìn-ín, ilẹ̀kùn tí a tì pa wà lọ́hùn-ún, àlọ́ àpamọ̀ sì ni ọ̀nà tí ó wà láàrin méjèèjì. Bí a bá ní kí n fún irú eré yìí ní orúkọ Yorùbá, àrò-kí-a-tó-fò ni n ó pè é.

Mario vs. Donkey Kong, tí ó jáde ní 2004 fún Game Boy Advance, ni ọmọ tí eré yìí bí. Nintendo Software Technology, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà tí ó wà ní ìlú Redmond ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é. Ìtàn inú rẹ̀ yóò pa ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n lẹ́rìn-ín. Ìnàkí náà ń wo tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, ó rí ìpolówó ọmọláńgidi kékeré tí a ṣe ní àwòrán Mario. Ó sáré lọ sí ìsọ̀, wọ́n ti tà á tán. Ni ó bá kọrí sí ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe wọ́n, ó kó wọn sá lọ. Mario sì gbá tọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí bí eré yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò àríyànjiyàn wà. Apá méjì ni ìpele kọ̀ọ̀kan ní: a ó kọ́kọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà a ó lọ gba ọmọláńgidi kan. Bọ́tìnì pupa, búlúù àti aláwọ̀ ìyeyè wà nílẹ̀. Bí a bá tẹ pupa, gbogbo búlọ́ọ̀kù pupa yóò dúró gbọn-in, ti àwọ̀ yòókù yóò sì pòórá, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí a ṣí fún ara wa ní ìṣẹ́jú yìí fi lè di èyí tí a tì mọ́ ara wa ní ìṣẹ́jú tí ń bọ̀. Aago ń sáré. Bí Mario bá já láti ibi tí ó ga jù, ó kú. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn eré yìí ni pé nígbà tí a bá ti rò ó tán, ìka wa kan náà ni yóò ṣe ohun tí orí wa pinnu, ìka náà sì lè kùnà.

Lẹ́yìn ìpele mẹ́fà mẹ́fà, nǹkan a yí padà fún ìgbà díẹ̀. Ọmọláńgidi mẹ́fà tí Mario ti gbà yóò tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí òròmọdìẹ tí ń tẹ̀ lé ìyá wọn. Yóò kó wọn la ewu kọjá, wọn yóò ṣa lẹ́tà mẹ́ta, wọn yóò sì wọ inú àpótí wọn. Iye tí ó bá yè nínú wọn ni iye ìgbà tí Mario lè fara gba ọgbẹ́ nígbà tí ó bá kojú ìnàkí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ọmọláńgidi mẹ́fà yìí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni eré kejì jáde ní Amẹ́ríkà, Mario vs. Donkey Kong 2: March of the Minis; ó di 2007 kí àwọn ará Europe àti Japan tó rí i. Nintendo DS ni ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí ó ní ojú méjì, tí a sì lè fi kálàmù oníke kékeré kan ojú ìsàlẹ̀. Pauline, obìnrin ọdún 1981, padà wá. Ọmọláńgidi Mario ni ó yàn dípò ti ìnàkí. Owú jẹ ìnàkí, ó tún gbé e lọ. Títí dé ibí yìí, ilé ni a ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá Mario tí yóò fi bọ́tìnì darí kò rí i. Àwọn ọmọláńgidi ni wọ́n ń rìn. Bí a bá fi kálàmù kan ọ̀kan, yóò máa lọ. Bí a bá fà á sí òsì tàbí sí ọ̀tún, yóò yí padà. Bí a bá fà á sókè, yóò fò. Bí a tún kàn án, yóò dúró. Kí gbogbo wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ wa.

Ìhà méjì ni àwọn tí ó ra eré náà pín sí. Àwọn kan ní ó dára, ó tu ni lára, kálàmù sì bá a mu ju bọ́tìnì lọ. Púpọ̀ nínú wọn rántí Lemmings, eré tí ilé-iṣẹ́ DMA Design ní ìlú Dundee ní ilẹ̀ Scotland ṣe ní 1991, níbi tí a ti ń gba ọ̀wọ́ ẹ̀dá kéékèèké tí kò mọ ewu lọ́wọ́ ikú. Àwọn kejì kò gbà. Wọ́n ní a ti gba Mario lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní bí eré tuntun bá wu ilé-iṣẹ́ náà láti ṣe, kí ó wá orúkọ tuntun fún un, kí ó má fi orúkọ tí àwọn mọ̀ tan àwọn lọ sí ìsọ̀.

Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Àwa tí ń kọ́ èdè mọ̀ pé orúkọ lè dúró kí ìtumọ̀ rẹ̀ rìn. Ojú omi ni ọkọ̀ wà látijọ́. Lónìí, bí mo bá ní mo fẹ́ wọ ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò wá mi lọ sí etí odò. Síbẹ̀ ìtumọ̀ tuntun náà kò ti òfo wá, nítorí pé ọkọ̀ àtijọ́ náà ń gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti eré yìí. Àwọn ọmọláńgidi mẹ́fà tí wọ́n tò lẹ́yìn Mario ní 2004, àwọn náà ni wọ́n gba gbogbo ilé ní 2006. Ẹni tí ó ní wọ́n da òun kò wo ẹ̀yìn Mario dáadáa.

N kò dá àwọn olùṣe láre pátápátá, ṣá o. Ní 2004, àwa ni a wà níwájú ọ̀wọ́ náà. Bí ẹ̀gún bá wà lọ́nà, àwa ni ó kọ́kọ́ kàn. Ní 2006, a di ẹni tí ó wà lókè tí ń nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ìbẹ̀rù jíjábọ́ sì di ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di 2009, nínú Minis March Again!, wọ́n tún gba ohun kan sí i: ọmọláńgidi tí ó bá ti gbéra, a kò lè dá a dúró mọ́. Àwọn eré mìíràn tẹ̀ lé e, ní 2010, 2013 àti 2015, kò sì sí èyí tí ó dá Mario padà sí ọwọ́ wa bí ti àkọ́kọ́.

Ohun tí ó ká mi lára jù kì í sábà sí lẹ́nu àwọn tí ń ṣàròyé. Eré ọdún 2006 fún ẹni tí ó rà á ní irinṣẹ́ láti kọ́ ìpele tirẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ ètò tí Nintendo ń pè ní Nintendo Wi-Fi Connection. Mario tí a gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kà. Ilé tí a fún wọn láti kọ́ ni wọn kò kà. Bí ènìyàn bá ti kọ́ ìpele rí, tí ó sì mọ̀ pé àjèjì kan ní ìlú mìíràn ń fi orí rò ó, kò tún lè sọ pé ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó ni eré náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2014, Nintendo ti ètò náà pa. Ìpele tí ó wà nínú ẹ̀rọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó fi ń rìnrìn àjò ti dí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo iye àlọ́ tí a kò gbọ́ mọ́, kì í ṣe pé apàlọ́ kú, bí kò ṣe pé a wó ojúde tí wọ́n ti ń pa á.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2024, Nintendo tún eré ti 2004 ṣe fún ẹ̀rọ Switch. Wọ́n tún àwòrán rẹ̀ yà, wọ́n fi ilẹ̀ méjì kún un, wọ́n jẹ́ kí ènìyàn méjì lè jọ ṣe é, wọ́n sì fi ọ̀nà kan sí i tí ẹni tí kò fẹ́ kí aago máa lé òun lè gbà. Inú àwọn olùfisùn ọdún 2006 dùn. Ọwọ́ wọn tún tẹ Mario. Àwọn mìíràn ní owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, pé kíákíá ni ó tán. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn wà, ọmọláńgidi mẹ́fà náà sì ṣì ń tẹ̀ lé Mario lọ sínú àpótí wọn. Irinṣẹ́ ìkọ́-ìpele ni kò sí.