Jíìnì BRCA1 àti Ìtàn Jẹjẹrẹ Ọyàn Láàárín Wa

Bí ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin bá fi jẹjẹrẹ ọyàn lọ nínú ilé kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ọwọ́ ayé ni, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé ìyá ló burú. Èkejì súnmọ́ òtítọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé.

Ọdún 1990 ni Mary-Claire King, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé jíìnì kan lórí krómósóòmù kẹtàdínlógún wà nídìí irú àrùn àjogúnbá yìí. Ọdún 1994 ni ọwọ́ tẹ jíìnì náà gan-an. BRCA1 ni a pè é. Ó wà lára àwọn tí ń tún DNA ṣe bí okùn rẹ̀ bá já, gẹ́gẹ́ bí apẹja Ẹ̀pẹ́ ti ń tún àwọ̀n so. Bí òun fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ojú tó já yóò máa pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì yóò sì lè máa bí sí i láìníjàánu.

Ní 2018, Olufunmilayo Olopade, tó kàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn jáde. Nínú aláìsàn 1,136, ìdá 7.0 nínú ọgọ́rùn-ún ni BRCA1 wọn lábùkù, ìdá 4.1 ni ti BRCA2. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní èyíkéyìí. Ní ti àwọn tó ní in, ìyá nìkan kọ́: bàbá tí nǹkan kan kò ṣe rí lè gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì.